Ta Ni Ó Ń San Owó Ogun? Ìbàdàn àti Àwọn Ìlú Abẹ́ Rẹ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ akọni ni a sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí jagunjagun jà, ìbọn kì í sì í dún láìsí ẹ̀tù. Ta ni ó ń san owó wọn? Ẹ jẹ́ kí a bi ìlú Ìbàdàn ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún léèrè.

Ìbàdàn kò ní ọba tí ń san owó oṣù fún ọmọ ogun. Olóyè kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó sì ń wá ìbọn fún wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó náà ń gbà wọlé. Èkíní ni oko tí àwọn ẹrú ń ro; oúnjẹ ń ti ibẹ̀ wá, a sì ń ta epo ibẹ̀ ní etí òkun láti fi ra ẹ̀tù. Ìdí nìyí tí ó fi dun Ìbàdàn púpọ̀ nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà mọ́ ọn ní 1877. Èkejì ni ìkógun. Ẹ̀kẹta ni ìsákọ́lẹ̀ àwọn ìlú tí a ti ṣẹ́gun.

Àwọn olówó ìlú pàápàá kò gbẹ́yìn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, a máa ta ohun ìjà fún àwọn olóyè ní àwìn. Ní 1874, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án ni pé kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ojú ogun. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìsákọ́lẹ̀. Olúkúlùkù ìlú ní baba kékeré kan láàrin àwọn olóyè Ìbàdàn. Ajẹ́lẹ̀ sì ni aṣojú rẹ̀ níbẹ̀. Ìlú ni ó ń bọ́ ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wọ̀n: wọ́n ń fi ipá gba ẹran ọ̀sìn àti ohun oko, wọ́n sì ń tàbùkù àwọn onílé. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde, a sì pa àwọn ajẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Báyìí ni ogun Kírìjì ṣe bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn Èkìtìparapọ̀ náà nílò owó. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tí ó dúró lé wọn lórí. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: ìsákọ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ń bọ́ ogun àná ni ó bí ogun mìíràn tí Ìbàdàn kò lè ṣẹ́. Owó tí a fi ipá gbà lè ra ẹ̀tù, ṣùgbọ́n kò lè ra ọkàn ẹni tí ó san án.