Èdídí

Èdídí ni ohun tí a fi ń dí ẹnu nǹkan: ẹnu ìgò, ẹnu akèrègbè, ihò síǹkì. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe "dí" ló ti jáde. Àwọn kan a máa pe ti síǹkì ní ìdérí. Ní tèmi, ìyẹn kò bá a mu. Orí ìkòkò ni ìdérí ń jókòó sí, èdídí ní tirẹ̀ ń wọ inú ihò lọ ni. Ọ̀rọ̀ èdídí yìí náà ni Bíbélì Yorùbá lò nínú ìwé Ìfihàn, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa èdídí méje.

Ti síǹkì sábà máa ń jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ṣéènì so. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré ju òkè lọ, omi tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ló ń fún mọ́ ọn sí i. Bí rọ́bà bá ti gan tàbí tó sán, yóò máa jò. Ẹni tó fẹ́ ra òmíràn, ihò ni kó wọ̀n, kì í ṣe rọ́bà àtijọ́.

Ti ẹmu yàtọ̀: a kì í dí i pinpin, nítorí ẹmu tó ń hó lè ta èdídí dànù.