Fífi Yorùbá Sínú Ètò Ìṣàkóso Ìkànnì: Àyẹ̀wò fún Awoyaya

Ní Awoyaya, lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló wọ́pọ̀ lórí ìkànnì ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn tó ń ta ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá ló jọ ń ná ọjà kan náà níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn ètò tí a fi ń ṣàkóso irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ibi tí a ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí ni iṣẹ́ Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ láti pààrọ̀ èdè.

WordPress, tó jáde ní 2003, lè sọ bọ́tìnì àti ìkìlọ̀ rẹ̀ di èdè mìíràn, ṣùgbọ́n ó fi àkóónú tí oníkànnì kọ sílẹ̀ fún àfikún bíi Polylang, tó ń fún èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Drupal 8, ní 2015, fi ìtúmọ̀ àkóónú sínú ìpìlẹ̀: ojú ìwé kan, èdè púpọ̀, a sì lè yan apá tí kò ní yí padà, bíi nọ́ńbà fóònù. Lọ́dọ̀ Wikipedia, Yorùbá ní ìkànnì tirẹ̀ pátápátá, Wikidata ló sì ń so àpilẹ̀kọ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè mìíràn. Fún ilé ìwòsàn kékeré, ti Drupal ni mo fara mọ́: bí nọ́ńbà fóònù bá yí padà, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti tún un ṣe.

Àmì ló le jù. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ́. Àmì ohùn ni a ń fi lé lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan lè mú ẹ kó fi àmì ohùn lé e, òmíràn á mú è kó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Nínú dátábéèsì, wọ́n yàtọ̀. Aláìsàn lè wá "ẹ̀jẹ̀ ríru", kí ojú ìwé náà wà níbẹ̀ kó má sì jáde. Nítorí náà, kí ètò fi NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan náà, tún gbogbo ọ̀rọ̀ tò kó tó fi wọ́n pamọ́. Ẹni tó ń tẹ fóònù nínú dánfó kì í sábà fi àmì sí i, nítorí náà kí ìṣàwárí gba ọ̀rọ̀ aláìlámì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ohun tí a tẹ̀ jáde ní àmì pípé.

Títo ọ̀rọ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: Gb tẹ̀lé G, Ẹ tẹ̀lé E. Bí ìkànnì náà bá sì fẹ́ òǹkàwé ní Kétu, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, kó rántí pé ɛ, ɔ àti sh ni wọ́n ń kọ dípò ẹ, ọ àti ṣ. CLDR, àkójọ ìlànà èdè fún kọ̀ǹpútà, ti ya àmì ìdánimọ̀ yo-BJ sọ́tọ̀ fún Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀.

Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, ó sì wúlò fún ìgbékalẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlànà lílo oògùn kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ jáde láìsí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tó kà á. Ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, kó ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ètò kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ti Yorùbá ń bọ̀.