Ọkọ̀ Ogun Aradu: Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Tú Ẹ́ńjìnnì Palẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò bá òkun pààlà, ṣùgbọ́n owó ìlú tí a fi ra ọkọ̀ ogun Aradu kan ará Adó-Èkìtì gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ará Èkó.

Ní Hamburg, ní Jámánì, ni ilé-iṣẹ́ Blohm + Voss ti kan ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé e sómi ní 1980. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Ẹ́ńjìnnì oníḍísù méjì ti MTU ló ní fún ìrìn pẹ̀lẹ́, àti tọ́báìnì Rolls-Royce Olympus méjì fún eré àsápajúdé. Wákàtí tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti fi ṣiṣẹ́ ni a fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a tú u palẹ̀. Bí ti oníḍísù bá ti ń jẹ ọ́ìlì jù, tí èéfín rẹ̀ ń dúdú, tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù, àkókò ti ń kọjá lọ nìyẹn.

Wọ́n tún Aradu ṣe láàárín 1991 sí 1994, àmọ́ kò pẹ́ tó tún fi dùbúlẹ̀. Ní 2005 ó gbéra, ó dé Spithead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi àjọ̀dún igba ọdún ogun Trafalgar. Lẹ́yìn náà, ọdún púpọ̀ ló fi dúró lẹ́bùúté Èkó, tó ń retí àtúnṣe.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ẹ̀rọ tó ń fa omi ní ìdídò Erò, ní Ìkùn-Èkìtì, pẹ̀lú. A kì í dúró di ìgbà òjò kí a tó tún òrùlé ṣe.