ILÉ ỌLỌ́HUN LẸ́YÌN ỌJỌ́ ÌFILỌ́LẸ̀: ÌTÀN ÀTÚNṢE MỌ́ṢÁLÁṢÍ

  

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní kí a kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ìrántí yìí, èrò wọn ni pé a ó sọ bí ẹ̀sìn ṣe dé ìlú wa. Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé tí a tẹ̀ nígbà tí a fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó lọ tún un kà níbẹ̀. Èyí tí ó wà lọ́kàn tiwa ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn tí a bá ti ká tẹ́ǹtì kúrò nílẹ̀, tí àwọn àlejò sì ti padà sí ilé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbàgbé mọ́ṣáláṣí tí a wó kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni a ti kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ní kéwú. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́jọ, páànù kan ṣí ní igun ìlà oòrùn. Owó tí káfíńtà bèèrè kò tó owó ewúrẹ́ kan. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ mẹ́ta, gbogbo wa ṣe àmín, a sì dìde lọ sílé. Omi wọ igi àjà, ikán tẹ̀lé omi. Ní ọdún kẹrìnlá ni apá ibẹ̀ já lulẹ̀ lóru, a dúpẹ́ pé kì í ṣe àsìkò ìrun. Wàláà àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún ni a hú jáde láàárín ẹrẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ kò lè wẹ ara wa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ojú wa ni omi náà ṣe ń kán.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò. Nínú Sūratu Tawba, āyà kejìdínlógún, Ọlọ́hun sọ irú ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣe ‘imāra àwọn mọ́ṣáláṣí Rẹ̀. Nígbà ìkówójọ, “kíkọ́” nìkan ni a sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kíkọ́ ilé, fún títún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́, àti fún kíkún inú rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn àti ìjọsìn. Ẹnu kan ṣoṣo ni Lárúbáwá fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa ni a gé e sí ọ̀nà mẹ́ta tí a sì mú ọ̀kan.

Láyé òde òní, àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ti padà sí irú ìrònú yìí. Wọ́n ní kí a ka ọjọ́ ayé ilé láti ibi tí a ti wú òkúta rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, dé ibi tí a ti ń lò ó, tí a ń kùn ún, tí a ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, títí dé ọjọ́ tí a ó wó o àti ibi tí a ó kó àlòkù rẹ̀ sí. Ohun tí ó bí irú ìṣirò yìí kì í ṣe ilé rárá, ìgò ni: ní ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ Coca-Cola ní kí wọ́n bá òun ṣírò ohun tí ìgò àti agolo ń ná ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1997 ni àjọ ISO tí ń ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ayé tẹ ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Kùréṣì tún Kaaba kọ́, kí Ànábì wa tó gba ìpè, pákó ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fọ́ ní etí òkun ni wọ́n rà tí wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Kò sí ISO nígbà náà.

Ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù lọ ni ìlú Jenne ní ilẹ̀ Mali. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí ó wà níbẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èyí tí ó dúró lónìí, ọdún 1907 ni wọ́n parí rẹ̀ lábẹ́ Ismaila Traoré, olórí ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà Jenne, ṣùgbọ́n òmíràn ti wà ṣáájú rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀. Ìtàn bí ti àtijọ́ ṣe parun ni kí ẹ fi etí sí. Nígbà tí Seku Amadu tí ó dá ìjọba Masina sílẹ̀ gba ìlú náà, kò fẹ́ràn mọ́ṣáláṣí tí ó bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára kí mùsùlùmí wó ilé Ọlọ́hun. Ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n dí ọ̀nà omi orí òrùlé. Kò fi ọwọ́ kan ògiri. Ó fi í sílẹ̀ fún òjò. Nígbà tí René Caillié, aláwọ̀ funfun ará Faransé, gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 1828, àwọn ẹyẹ alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ó bá nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ wọn, òórùn wọn sì ti lé àwọn olùjọsìn jáde sí àgbàlá.

Ẹ wo ọgbọ́n ogun yẹn dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa mọ́ṣáláṣí kò nílò katapílà. Kí ó ṣáà dí ọ̀nà omi. Ohun tí Seku Amadu mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní Jenne, àwa fi ọ̀lẹ ṣe é níbí, ìparí rẹ̀ sì jọra.

Àwọn ará Jenne kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ni ó ń jáde láti rẹ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n á ti wa amọ̀ létí odò Bani, wọ́n á da èèpo ìrẹsì mọ́ ọn, wọ́n á sì fi sínú kòtò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó lè kan kí ó sì fà bí ọ̀dà. Àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi ṣeré. Àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ń ru omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ sáré gun òkè, àwọn bíríkìlà àgbà sì ń fi ọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àwòrán mọ́ṣáláṣí náà yóò rántí àwọn igi tí ó yọ síta lára ògiri bí ẹ̀gún. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Wọ́n jẹ́ ọ̀ṣọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn náà ni àwọn tí ń rẹ́lé ń tẹ̀ gun òkè. Ẹni tí ó kọ́ ilé náà ti kọ́ àkàbà àtúnṣe mọ́ ọn lára láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

A kò sọ pé ilé amọ̀ kò ní ìyọnu. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2009, òjò tí ó tó mìlímítà 75 rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, apá òkè ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro rẹ̀ sì wó. Wọ́n tún un kọ́, àjọ Aga Khan sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó rọrùn láti tún un kọ́ nítorí pé amọ̀ ṣì wà nínú odò, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì wà nínú ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tí owó kò wọ́n. Mọ́ṣáláṣí Ọba Hassan Kejì ní Casablanca, ilẹ̀ Mòrókò, ni wọ́n ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Tálákà àti ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ náà ni ó dáwó sí i, bí ẹ̀yin náà ti ṣe. Gogoro ìpèrun rẹ̀ tó mítà igba ní gíga, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn ni ó lè kírun nínú rẹ̀. Orí omi òkun ni apá kan rẹ̀ wà. Kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi rí i pé kọnkéré rẹ̀ ń là. Iyọ̀ òkun ni ó ń wọ inú kọnkéré lọ bá irin. Irin dípẹtà, irin tí ó bá sì ti dípẹtà a máa wú, á sì máa ti kọnkéré láti inú. Ní ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hú u, tí wọ́n sì fi irin tí kì í tètè dípẹtà rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe òkun nìkan ni ó ń fa èyí o. Ẹni tí ó fi iyanrìn etí òkun tí a kò fọ̀ pò sìmẹ́ńtì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkun wọlé.

Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, iná ńlá ni a fi ń ṣe é. Òkúta ẹfun bí irú èyí tí wọ́n ń wú ní Ewékorò láti ọdún 1960 ni wọ́n ń sun títí ooru rẹ̀ yóò fi lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó ìwọ̀n Celsius. Nítorí náà, ilé tí ó wó ní ọdún kẹrìnlá ti fi iná náà ṣòfò. Ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ṣáláṣí kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019 fi igi ṣe òpó, òjò orí òrùlé rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà. Omi àlùwàlá tiwa, ojú títì ni ó ń ṣàn lọ.

Níbo ni owó àtúnṣe ti máa ń wá? Àwọn aṣíwájú wa ti dáhùn. Seyyidinā Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Ó lọ bi Ànábì léèrè ohun tí òun lè fi ṣe; ìmọ̀ràn tí ó gbà ni pé kí ó di ilẹ̀ náà mú, kí a má tà á, kí a má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kí a má pín in ní ogún, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Ibẹ̀ ni wákàfù ti gbilẹ̀. Nígbà tí Sinan kọ́ mọ́ṣáláṣí Sulaymaniyya ní Istanbul láàárín ọdún 1550 sí 1557, wákàfù ni ó ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà Hánáfì tilẹ̀ sọ pé owó tí ó bá wọlé lórí wákàfù, àtúnṣe wákàfù náà ni a ó kọ́kọ́ fi ṣe, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó fi sílẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ tàbí kò sọ. Ojú ọ̀nà Imāmu Malik ni àwa ń tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìjà nínú.

Nítòsí wa, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí Mohammed Shitta ná owó rẹ̀ lé, tí João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, kọ́, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894. Ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1913, irú iṣẹ́ Àgùdà kan náà, kò bá a dé òní. Wọ́n wó o, wọ́n sì ṣí tuntun ní ọdún 1988. Tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àwòrán ti àtijọ́ yóò mi orí.

Nínú àwòrán mọ́ṣáláṣí tiwa yìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni ó kọjú sí títì. A gbọ́ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí a tà wọ́n, kí a fi owó rẹ̀ ra táìsì tí ó ń dán fún inú ilé. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní kéwú bẹ̀ yín pé kí ẹ má tà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàfù níwájú Lèmọ́ọ̀mù kí ọjọ́ òní tó parí, kí owó ìyáwó wọn wà fún páànù, fún ọ̀dà àti fún ọ̀nà omi. Tí táìsì kò bá tíì sí, ẹní wà. Orí ẹní ni a ti ń kírun tẹ́lẹ̀.