Owó Ìjọba àti Dídáàbò Bo Ilé Lọ́wọ́ Òtútù ní Orílẹ̀-Èdè Amẹ́ríkà, 1973–2010

1.0 Ìfáárà

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó ń ta epo rọ̀bì kọ̀ láti tà á fún Amẹ́ríkà. Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1974 tó parí, iye owó àgbá epo kan ti fò láti nǹkan bíi dọ́là 3 dé nǹkan bíi dọ́là 12. Nàìjíríà kò bá wọn lọ́wọ́ sí ìfòfindè náà. Síbẹ̀, ọ̀wọ́n epo kan náà tí ó kún àpò ìjọba Nàìjíríà ni ó sọ yàrá tálákà di títutù ní ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí epo ti jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mú ilé gbóná. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé májẹ̀mú tí ìjọba so mọ́ owó ìrànlọ́wọ́ ni ó pinnu irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ilé, ju bí àìní àwọn onílé ti pọ̀ tó lọ.

2.0 Ohun Èlò láìsí Owó Òṣìṣẹ́

Ní oṣù Ògún 1976, Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin tí ó dá ètò náà sílẹ̀ fún àwọn tálákà, pàápàá àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Dọ́là 400 ni òfin fi ṣe òté lórí ilé kan, ohun èlò ni owó náà sì wà fún jù lọ. Inú ètò mìíràn, èyí tí ìjọba fi ń wá iṣẹ́ fún àwọn aláìríṣẹ́, ni wọ́n retí pé òṣìṣẹ́ yóò ti wá. Nítorí náà, ohun èlò lè wà nílẹ̀ kí ọwọ́ tí yóò lò ó má sí. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni ó pọ̀ jù: wọ́n ń dí ihò etí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń fi ọ̀rá bo fèrèsé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 1978, òté náà di dọ́là 800; ní 1980, òfin gbà kí wọ́n fi owó ètò náà gba òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó tọ́jọ́ gbilẹ̀, bíi fífi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ há inú àjà àti ògiri. Láti 1984, wọ́n tún lè ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ amúlé-gbóná.

3.0 Ilé-Ìwé àti Ilé-Ìwòsàn

Òfin 1978 fi owó sílẹ̀ fún ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìdajì ni ìjọba máa ń san. Ìdí rẹ̀ yéni: ẹni tí owó epo rẹ̀ yóò dínkù yẹ kí ó dá sí i. Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní rárá. Síbẹ̀, lápapọ̀, ẹni tí kò rí ìdajì mú wá kò lè rí ìdajì gbà. Ní 1986, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 dọ́là tí ilé-ẹjọ́ ní kí Exxon dá padà, nítorí pé ó ta epo ju iye tí òfin gbà lọ, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ fún irú àwọn ètò wọ̀nyí.

4.0 Ọ̀pọ̀ Owó, Iṣẹ́ Dúró

Ní 2008, nǹkan bíi mílíọ̀nù 227 dọ́là ni ètò àwọn tálákà náà gbà. Ní oṣù Èrèlé 2009, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí bílíọ̀nù 5. Ṣùgbọ́n òfin pàṣẹ pé iye tí ó wọ́pọ̀ ládùúgbò ni kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, kò sì sí iye kan tí ìjọba ti là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ dúró títí ìjọba fi là á sílẹ̀, kí iṣẹ́ tó yára.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìwádìí tí Fowlie, Greenstone àti Wolfram tẹ̀ jáde ní 2018 lórí ìpínlẹ̀ Michigan fi hàn pé owó tí wọ́n ná tó ìlọ́po méjì èrè tí ó wá láti ara agbára tí kò ṣòfò. Ẹ̀rí pàtàkì ni èyí, ṣùgbọ́n ìtura tálákà wà lára ohun tí òfin 1976 ń wá. Ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́ ni ó dá iṣẹ́ dúró nígbà tí owó kéré, òun náà ni ó dá a dúró nígbà tí owó pọ̀. Nítorí náà, kí onítàn tó bèèrè bóyá owó náà ṣòfò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí májẹ̀mú rẹ̀ gbà kí wọ́n fi ṣe.