Antwerp: Ìlú Tó Fọ́ Ère, Tó Tún Ń Tẹ Àwòrán Ẹ̀sìn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1566, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ọmọlẹ́yìn Calvin ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù lọ ní Antwerp, wọ́n fọ́ ère, wọ́n fa àwòrán ya. Ìbọ̀rìṣà pọ́ńbélé ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó jókòó ní Trent ti fèsì sí irú ẹ̀sùn yìí: ẹni tí wọ́n yà ni ọlá ń lọ bá, kì í ṣe àwòrán, àwòrán sì ń kọ́ aráàlú ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣẹ kan tì í pé kò gbọdọ̀ sí àwòrán tó ṣàjèjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà, orí ìwé tí ayàwòrán ti kọ́kọ́ ń ya àpẹẹrẹ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti máa ń parí. Tàdáwà, gègé ìyẹ́ ẹyẹ àti ṣọ́ọ̀kì pupa kò wọ́n, nítorí náà àlùfáà lè rí ibi tí ẹni mímọ́ dúró sí, kó sì ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí owó ńlá tó jáde.

Spéìn gba Antwerp padà lọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin ní 1585. Ní 1593 ni ìwé Jerónimo Nadal, ọmọ ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Jésúítì, jáde níbẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún 13 ṣáájú. Àwòrán 153 látinú ìwé Ìyìn Rere ló kó jọ, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà lè máa fi ṣàṣàrò. Àwọn ọmọ ìyá Wierix ló fín púpọ̀ nínú wọn sára bàbà. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, àmọ́ ọtí kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn: Christophe Plantin, òǹtẹ̀wé ńlá ìlú náà, ráhùn pé ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn yóò wá wọn dé ilé ọtí, yóò san gbèsè wọn, yóò sì gba irinṣẹ́ wọn kúrò ní ìdógò.

Ẹ wo ojú ìwé Nadal tí áńgẹ́lì ti wá kí Màríà; lẹ́tà ló ń tọ́ka sí apá kọ̀ọ̀kan àwòrán náà. Lẹ́tà A wà lókè, níbi tí àwọn áńgẹ́lì péjọ sí. B ni Gébúrẹ́lì tó ń gbé ara wọ̀. D ni yàrá Màríà. Lápá kan, ní bíńtín, G fi Jésù hàn lórí àgbélébùú, torí wọ́n gbà pé ọjọ́ tí oyún rẹ̀ dúró náà ló kú. Àlàyé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kí ojú má bàa ṣáko. Ní 1637, Giulio Aleni, tí òun náà jẹ́ Jésúítì, gbé irú ìwé yìí jáde ní Ṣáínà. Igi ni wọ́n fín tibẹ̀ sí.

Tálákà kò lè ra ìwé Nadal. Àwòrán ẹni mímọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni tiwọn, èyí tí àwọn Jésúítì ń fi ta ọmọdé tó bá mọ kátíkísìmù lọ́rẹ.

Rubens, ayàwòrán ńlá ìlú náà, pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àkóso àwọn àlùfáà. Ní oṣù Kẹta 1620, àwọn Jésúítì bá a ṣàdéhùn àwòrán 39 fún àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tuntun. Olórí wọn ló máa sọ ohun tí yóò yà. Rubens gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo wọn ní kékeré ná, kí Anthony van Dyck àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù tó gbé e tóbi. Àrá sán lu ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1718, àjà náà sì jóná. Àwọn àwòrán kékeré wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ẹ̀dà tí ayàwòrán Jacob de Wit ti yà sórí ìwé ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú iná, ni a fi mọ bó ṣe rí.