Ìbọ àti Ìgbàgbọ́: Ibi Tí Àṣà Ilé Parí Sí àti Ibi Tí Ìsìn Òrìṣà Ti Bẹ̀rẹ̀ fún Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ìbèsè àti Ayétòrò: èwo nínú ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni ọmọ Ìjọ lè máa bá lọ, èwo sì ni ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ pátápátá? Ìbéèrè yìí máa ń dìde nígbà tí òkú bá sùn nílé, nígbà tí oyè bá kan ènìyàn, nígbà tí ara ọmọ kò bá yá tí oògùn ilé ìwòsàn kò sì tètè ràn án, àti nígbà tí ìlú bá kéde ọjọ́ Orò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni, kí a sì ya ohun méjì tí a sábà máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀: ìbọ, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, àti ìgbàgbọ́, tí í ṣe ohun tí ọkàn gbára lé.

Ohun tí èdè wa fi kọ́ wa

Yorùbá pe ẹni tí ń sin òrìṣà ní abọ̀rìṣà, nítorí ohun tí ó ń ṣe: ó ń bọ. Wọ́n pe ẹni tí ń tẹ̀ lé Kristi ní onígbàgbọ́, nítorí ohun tí ó gbà gbọ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú orúkọ méjèèjì. Ènìyàn lè fi ìbọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo: kí ó kó ojúbọ kúrò nínú ilé, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í yí padà ní ọjọ́ kan. Ẹnì kan lè wà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ojúbọ rí láti ìgbà tí a ti bí i, síbẹ̀ kí ìbẹ̀rù tí ó ń lé àwọn baba rẹ̀ lọ síbẹ̀ ṣì máa darí ọkàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni Ìjọ kọ̀. Wọ́n mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá kan wà. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, Ọlọ́run, ni a ń pè nínú Mísà lónìí. Wọ́n gbà pé ikú kọ́ ni òpin ènìyàn. Wọ́n kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an tí a fi ń pe Mísà ní Ẹbọ Mímọ́, láti ẹnu wọn ni ó ti wá. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa ni láti fi òye yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe láti kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Bí Ìjọ ti ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́

Ní 1659, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ìtànkálẹ̀ Ìhìnrere ní Róòmù kìlọ̀ fún àwọn aṣáájú Ìjọ tí wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Éṣíà pé kí wọ́n má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni yí àṣà rẹ̀ padà, àfi bí àṣà náà bá lòdì sí ẹ̀sìn àti ìwà rere. Síbẹ̀, nígbà tí ó kan àwọn ọmọ Ìjọ ní Ṣáínà tí wọ́n ń tẹrí ba níwájú orúkọ àwọn baba ńlá wọn, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ní 1742, Póòpù Benedict Kẹrìnlá fi òfin dè é. Ní 1939, nígbà Póòpù Pius Kejìlá, Róòmù gbà á láyè, nítorí pé ó ti hàn pé ọ̀wọ̀ ọmọ sí òbí ni àwọn ènìyàn ka ìṣe náà sí, kì í ṣe ìbọ. Ìṣe kan náà ni. Òye ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ń ṣe é ni ó yí ìdájọ́ padà.

Ní agbègbè tiwa, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA dé Ouidah ní 1861, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, wọ́n sì dé Abẹ́òkúta ní 1880. Lójú púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọ̀nyí, àṣà àti ìbọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìlù àti ère bọ́ sí abẹ́ ìfura. Ìyípadà kan wáyé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, nígbà tí Fadá O'Mahony àti Fadá Kevin Carroll pe àwọn agbẹ́gilére Yorùbá láti ṣiṣẹ́ fún Ìjọ. Lára wọn ni George Bándélé, ọmọ Aréògún tí ó ti gbẹ́ ère fún ojúbọ àti ààfin, àti Lámídì Fákéye, tí í ṣe Mùsùlùmí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ère Màríà Mímọ́, àti àwọn Amòye Mẹ́ta tí wọ́n múra bí ọba ilẹ̀ wa. Àwọn kan kọminú sí i pé ọwọ́ tí ń gbẹ́ òrìṣà kò yẹ kí ó gbẹ́ Màríà. Ìdáhùn Fadá Carroll ni pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá kì í ṣe ìbọ fúnra rẹ̀, àti pé ohun tí a fi sìn ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

Ìgbìmọ̀ Fátíkánì Kejì fi ìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìsìn, ti 1963, fi àyè gba àṣà ìran gbogbo tí kò bá ní ìgbàgbọ́ asán nínú. Èyí tí ó kọ nípa àwọn ẹ̀sìn mìíràn ní 1965 sọ pé Ìjọ kò kọ ohunkóhun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú wọn. Ní Kampala, ní 1969, Póòpù Paul Kẹfà sọ fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé wọ́n lè jẹ́ Kristẹni ní ọ̀nà ti Áfíríkà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1988, Róòmù fọwọ́ sí ìlànà Mísà fún Kóńgò, nínú èyí tí a ti ń dárúkọ àwọn baba ńlá olódodo pẹ̀lú àwọn Ẹni Mímọ́. Ní 1993, Póòpù John Paul Kejì pàdé àwọn olórí ẹ̀sìn Vodun ní Cotonou. Ní oṣù kọkànlá 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní Ouidah, ó sì mẹ́nu kan ìṣòro tí a ń sọ yìí: àwọn tí wọ́n ń sin Kristi lọ́sàn-án tí wọ́n tún ń padà sí ìdí òrìṣà lóru.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó lè ràn wá lọ́wọ́

Bí ọmọ Ìjọ bá dé ìkòríta, ó lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkínní: ta ni a ń ké pè nínú ìṣe yìí? Bí ó bá jẹ́ òrìṣà, tàbí òkú tí a ń bọ, ìbọ ni. Èkejì: kí ni a ń retí? Bí a bá ń retí ìdáàbòbò tàbí àṣírí ọjọ́ ọ̀la láti ọwọ́ agbára mìíràn tí kì í ṣe Ọlọ́run, a ti kúrò lábẹ́ Òfin Kìíní. Ẹ̀kẹta: bí a kò bá ṣe é, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Èyí ni ó le jù, nítorí òun ni ó ń tú àṣírí ọkàn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé inú ẹbí yóò bàjẹ́, àṣà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohun àìrí kan yóò pa wá, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ṣì wà lórí oyè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè wọ̀nyí wo àwọn ọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa.

Orúkọ àti ìsọmọlórúkọ. Orúkọ Yewa fúnra rẹ̀, tí a fi rọ́pò Ẹ̀gbádò ní 1995, jẹ́ orúkọ odò àti ti òrìṣà. Ẹni tí ó sọ pé ọmọ Yewa ni òun kò bọ nǹkan kan. Bákan náà ni Ògúnbíyìí àti Fáṣọlá. Inú orúkọ Mars, òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù, ni Martin ti jáde, Isidore sì túmọ̀ sí ẹ̀bùn Isis, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì. Síbẹ̀ Ẹni Mímọ́ ni wọ́n. Oyin, iyọ̀ àti orógbó tí a fi ń wúre fún ọmọ kò lòdì sí ìgbàgbọ́ bí Ọlọ́run ni a ń bẹ̀; nínú ìlànà ìrìbọmi àtijọ́, Ìjọ pẹ̀lú a máa fi iyọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àkọsẹ̀jayé, tí a fi ń béèrè ọ̀nà ọmọ lọ́wọ́ Ifá, yàtọ̀. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì, ní ìpínrọ̀ 2116, kọ gbogbo onírúurú ìwoṣẹ́.

Ìsìnkú. A ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa ní gbogbo Mísà, a sì yà 2 oṣù kọkànlá sọ́tọ̀ fún wọn. Kíki oríkì olóògbé, aṣọ ẹbí àti oúnjẹ fún àlejò kò ní ẹ̀bi. Ohun tí Ìjọ kọ̀ ni kí a bọ òkú kí ó má bàa bínú, tàbí kí a lọ wádìí lọ́wọ́ aláwo ẹni tí ó pa á. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká, ó sì ti sọ opó di ẹni ìfura nínú ilé ọkọ rẹ̀.

Oyè. Kí ọmọ Ìjọ tó gba oyè, ó yẹ kí ó béèrè gbogbo ètùtù tí ó so mọ́ ọn, kí ó sì bá àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òfin ọba àti ìjòyè ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti 2021, ti fi àyè sílẹ̀ kí a lè sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà ní oṣù keje 2025, ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣẹ̀ṣe kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òun dúró lè sọ ọ́ síta láìfi ìlú rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Orò. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí ó tayọ ní àgbáyé. Ẹwà iṣẹ́ igi rẹ̀ àti ọgbọ́n orin rẹ̀ jẹ́ ohun ìwúrí, ẹni tí ó sì ń wò ó ní ojúde kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé títu àwọn ìyá wa lójú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá owó ẹbọ rẹ̀ kí àwọn ìyá má bàa pa á lọ́mọ ti kọjá ààlà. Ní ti Orò, bíbọ̀wọ̀ fún àlàáfíà ìlú kì í ṣe ìbọ. Wíwọ awo ni ìbọ.

Àìsàn. Ewé àti egbò jẹ́ ẹ̀dá Ọlọ́run. Ìpínrọ̀ 2117 Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ kò kọ ìwòsàn ìbílẹ̀. Kíké pe agbára òkùnkùn, jíjẹ àwọn aláìmọ̀kan ní ìrẹ́jẹ àti sísán oògùn mọ́ra ni ó kọ̀. Ọ̀ràn àbíkú fi ohun tí ó wà nínú ewu hàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kọ ní ara nítorí pé a pè wọ́n ní àbíkú ni ó jẹ́ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń bá wọn jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó lè gba òbí lọ́wọ́ ẹkún tí ẹbọ kò lè dá dúró.

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ nínú aṣọ tuntun

Ìhín ni a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa dúró sí díẹ̀. Ó rọrùn láti tọ́ka sí aládùúgbò tí ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé Rosárì kọ́ inú ọkọ̀ bí oǹdè, tí a kò sì kà á, kí ni ó yàtọ̀? Bí a bá wọ́n omi mímọ́ yí ilé ká nítorí ìyàwó àbúrò tí a fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́, bí a bá ń ti ilé àdúrà kan bọ́ sí èkejì kí aríran lè sọ ẹni tí ó di ọ̀nà wa fún wa, a ti pààrọ̀ babaláwo ni, a kò tí ì pààrọ̀ ìgbàgbọ́. Ìpínrọ̀ 2111 pe èyí ní ìgbàgbọ́ asán: kí a rò pé àmì tàbí ọ̀rọ̀ àdúrà ní agbára fúnra rẹ̀, láìsí ọkàn tí ó yẹ. Àwọn ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bá wí ní 1 Kọ́ríńtì 10, pé ènìyàn kò lè jẹun lórí tábìlì méjì. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Orin kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí ó sọ pé ẹ̀sìn kò ní kí a má ṣe orò ilé. Orò ilé tí í ṣe ọ̀wọ̀, ìfẹ́ ẹbí àti ẹwà èdè, ẹ̀sìn kò dí i lọ́wọ́ lóòótọ́. Orò tí ìbẹ̀rù dá sílẹ̀ ni Kristi wá tú wa sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Àwọn àlùfáà àti katikísì wa kò gbọ́dọ̀ dúró sórí pé kí wọ́n máa fi òfin de ojúbọ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbèsè ní 2012, àwọn ará ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ní àṣà tiwọn ti bá wa gbé. Kò sí àkójọ èèwọ̀ kan tí yóò tó gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó dé ọkàn ni yóò tó. Kí ẹ̀kọ́ ìrìbọmi fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè sọ ohun tí ó ń bẹ̀rù láìsí ẹ̀gàn. Kí ẹbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má dá wà ní òru tí àwọn àgbà ilé bá ń fi ètùtù lọ̀ wọ́n. Kí ẹgbẹ́ inú ìjọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti yà sí ìdí òrìṣà, Sákírámẹ́ńtì Ìlàjà ṣí sílẹ̀ fún un.

Ọlọ́run tí àwọn baba wa mọ orúkọ rẹ̀ ti fi ojú rẹ̀ hàn wá nínú Jésù Kristi. Kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti pa ohun rere ilé wa mọ́, kí ó sì fún wa ní ìgbàgbọ́ tí kò ní ìbẹ̀rù nínú. Àmín.